Òṣùwọ̀n Simeon ní Ojowo

Níwájú èrò ní èbúté Efire ni Abibat ti pe Titus ọlọ́kadà lólè. Ogún kílò ẹja ló wọ̀n fún un nílé. Nígbà tí Titus gbé e dé ọ̀dọ̀ Simeon, oníbàárà Abibat ní Ojowo, tó tún máa ń tún ẹ̀rọ oníná ṣe, mẹ́rìndínlógún ni òṣùwọ̀n rẹ̀ kà. Ìgbà kẹta nìyẹn.

"Mi è mú nǹkan níbẹ̀!" ni Titus ń wí.

Ta ló fẹ́ gbọ́? Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ru ẹja wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún gbé apẹ̀rẹ̀ fún un mọ́. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀.

Abibat wá rán ọlọ́kadà mìíràn. Mẹ́rìndínlógún náà ni. Ó wá fura sí òṣùwọ̀n Simeon. Ó pe ọmọ rẹ̀, Olúrẹ̀mí, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ago-Ìwòyè.

Olúrẹ̀mí mú ọlọ́pàá méjì lẹ́yìn lọ sí Ojowo. Ó gbé àpò ìrẹsì oníkílò mẹ́wàá, tí wọn ò tíì tú, ka orí òṣùwọ̀n Simeon. Mẹ́jọ ló kà! Simeon gbá òṣùwọ̀n mọ́ra, ó fò sórí máṣíìnì rẹ̀, ó sá. Máṣíìnì náà rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ọ̀rù. Ibi tó ti ń fi òkúta fọ́ òṣùwọ̀n ni wọ́n ti mú un.

"Ta ló yí òṣùwọ̀n yìí?" ni ọlọ́pàá bi í ní àgọ́.

"Bí mo ṣe rà á l'Ékòó nìyẹn."

Olúrẹ̀mí ti yọ ṣíìpù, ohun kékeré tó ń pa iye mọ́ nínú òṣùwọ̀n náà, kò tíì fọ́, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Èèyàn kì í kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé ti àtijọ́ lórí nínú irú ṣíìpù yìí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bí ìwé. Ẹni tó yí i pa kìkì ojú ewé tó fẹ́ lò rẹ́, ó fi ìyókù sílẹ̀. Olúrẹ̀mí ka ìyókù náà síta: "Ẹ káàbọ̀ sí Ilé Àdúrà Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀, Ojowo."

"Ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn lórí pátákó oníná ìjọ náà nìyí," ni ọlọ́pàá wí. "Ta ni wọ́n gbé pátákó náà fún kó tún un ṣe?"

Simeon dọ̀bálẹ̀.

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni. Mo ní ó ti bàjẹ́, mo yọ ṣíìpù rẹ̀, mo fi sínú òṣùwọ̀n. Èmi ni mo kọ ọ́ kó máa jẹ kílò kan nínú márùn-ún. Ẹ ṣàánú mi!"

Wọ́n tì í mọ́lé. Àwọn ẹlẹ́ja Efire ń jó. Abibat kò lè jó, ojú ń tì í. Ó lọ bá Titus níbi tó ti ń dáná fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá Titus, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò jalè."

"Èmi mọ̀ pé mi è jalè, Ìyá Olúrẹ̀mí. Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún. Òun náà gbà yín gbọ́, ó sì kó jáde."

"Níbo ló wà?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Abibat dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì mú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó pọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.