Ìyẹ̀fun Tí Wọ́n Ní Ó Ń Mú Dẹ́kìn Gbẹ Kíákíá

Ẹ̀gúsí ni Mùínátù ń bó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lábẹ́ dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́ sí iwájú ilé wọn ní Ayétòrò. Oòrùn mú janjan níta. Abẹ́ dẹ́kìn ní tirẹ̀ tutù, nítorí wọn ò tíì pẹ́ da kọnkéré sí i.

Ó ki ọwọ́ bọ inú àwo, ó rí iyanrìn lára ẹ̀gúsí tó ti bó. Ó fẹ́ ẹ dànù. Kò pẹ́, iyanrìn mìíràn já bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ohun kan dún lórí rẹ̀, "kà!", bí ìgbà tí èèyàn bá dá igi gbígbẹ.

Mùínátù gbé àwo rẹ̀, ó sáré jáde.

"Bàbá Hùmúàní!" Ọkọ rẹ̀, Ìdírísù, ló ń pè, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá títì. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan yẹn?"

"Kí ni?"

"Dẹ́kìn yìí dún."

"Sìmẹ́ǹtì tó ń gbẹ ni. Kò sí ilé tuntun tí kì í dún."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìdírísù sọ o, ṣùgbọ́n òun náà kò gbójú kúrò lára ilé yẹn mọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ilé náà kọ́ nìyí. Bíríkìlà tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tó sì gbé àwọn òpó àkọ́kọ́ ró, ọmọ Pobẹ̀ lódìkejì bọ́dà ni, àgbà òṣìṣẹ́ tí kì í kánjú. Ó lọ ṣe ọdún Iléyá nílé ní 2019, kó tó múra àtibọ̀, ìjọba ti ti bọ́dà. Ó pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé òun ò lè gba ojú igbó níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn lé èèyàn. Wọ́n ṣe sùúrù títí, bọ́dà kò ṣí. Ọjà tí Mùínátù máa ń kó láti ọ̀nà Ìwòyè-Kétu dáwọ́ dúró pátápátá. Ohun tó kù tó ń wò lójú ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé yìí, pé bó bá parí, òun á rí ibi jókòó ta nǹkan mìíràn.

Àsìkò yẹn ni Kòkúmọ́ dé. Agbaṣẹ́ṣe ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí nǹkan tuntun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ṣì ń kọ́lé bíi ti ayé àtijọ́," ó sọ fún Ìdírísù. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti dé o. Ìyẹ̀fun kan wà báyìí, bí a bá pò ó mọ́ kọnkéré, àná ló ti gbẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, a ti yọ gbogbo igi abẹ́ rẹ̀."

Mùínátù bèèrè ibi tí ìyẹ̀fun náà ti wá.

"Òkè òkun ni, Màmá. Kùtọnú ló gbà wọlé kí wọ́n tó ti bọ́dà. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ báyìí, ọlọ́rọ̀ ni."

Inú àpò dúdú ni ìyẹ̀fun náà wà. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Agolo mílíìkì ni Kòkúmọ́ fi ń bù ú sínú kọnkéré. Ó tún dín sìmẹ́ǹtì kù, ó ní ìyẹ̀fun ti dípò rẹ̀. Kò sí ẹnjiníà kankan tó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ sílípáàsì, wọ́n sì dé fìlà lásán.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì yí po lóòótọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn òpó igi àti ọparun tó gbé dẹ́kìn dúró. Apá ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán ni nígbà tí Mùínátù gbọ́ ìró yẹn lápá iwájú.

Bí Kòkúmọ́ ti padà dé, Ìdírísù sọ fún un. Kòkúmọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá obìnrin lóhùn, Bàbá. Ojo ni wọ́n."

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nàfíù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìdógò, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ọ̀gá," ó ní, "èmi náà gbọ́ ọ láàárọ̀. Àwọn igi tó kù yìí ti le koránkorán. Bí mo ṣe ń fi òòlù lù wọ́n, wọn ò mì. Bí ẹni pé nǹkan ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi níṣẹ́? Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, máa lọ sílé. Àwọn tí bọ́dà sọ di aláìríṣẹ́ kún ìta fọ́fọ́."

Nàfíù wolẹ̀. Ó mú òòlù rẹ̀, ó sì wọlé.

Àyà Mùínátù kò balẹ̀. Ó yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe àbúrò rẹ̀, Asiyah, lórí fídíò. Ẹnjiníà ilé kíkọ́ ni Asiyah, Abẹ́òkúta ló ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ti gbé e wá sí Ìlaròó lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń lẹ́ o. Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

"Wá wo nǹkan, Asiyah. Dẹ́kìn wa ń dún, ó sì ń da iyanrìn."

"Ẹ má sún mọ́ ọn o. Níbi tí ẹ dúró sí yẹn, ẹ yí fóònù sí i kí n rí i. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ dúró, ẹ dúró! Kí ni ìlà yẹn, níbi tí dẹ́kìn ti kan òpó?"

Mùínátù wò ó. Láàárọ̀, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ó dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ bí ipa ejò, ó sì fẹ̀ tó kí èèyàn ki etí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

Ohùn Asiyah yí padà. "Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Nàfíù. Ó ń yọ igi."

"Ẹ pè é jáde! Kó má fọwọ́ kan igi kankan mọ́! Kí gbogbo èèyàn jìnnà síbẹ̀!"

"Nàfíù!" Mùínátù fi gbogbo ara kígbe. "Nàfíù, jáde!"

"Ẹ jẹ́ ó ṣiṣẹ́ ẹ̀, Màmá!" Kòkúmọ́ náà pariwo.

Láti inú ilé, wọ́n gbọ́ ohùn Nàfíù. "Ọ̀gá, igi yìí ń tẹ̀ o."

"Fi í sílẹ̀!" Ìdírísù ti dìde báyìí. "Mo ní fi í sílẹ̀, ọmọ mi, máa sá bọ̀!"

Ìró tó ń dún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá ń dún léraléra, bí ìgbà tí gúgúrú bá ń ta nínú ìkòkò. Nàfíù ju òòlù nù. Wọ́n rí i tó ń sá bọ̀ láàárín àwọn igi, sílípáàsì rẹ̀ kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kọsẹ̀. Apá ẹ̀yìn dẹ́kìn náà sì já lulẹ̀.

Ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ wọn. Eruku funfun bo ojú títì, ẹnikẹ́ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Nàfíù.

"Ẹ gbà mí o! Ẹsẹ̀ mi!"

Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀ látojúde. Kòkúmọ́ ló ṣíwájú wọn, ó fẹ́ wọlé ràì. Ṣùgbọ́n Asiyah ṣì wà lórí fóònù, ó ń kígbe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé! Èyí tó kù lókè lè já lé wọn lórí, á sì pa ọmọ yẹn. Mo ti ń kó àwọn èèyàn mi bọ̀. Ẹ pe panápaná, ẹ pe ilé ìwòsàn."

Ìdírísù di Kòkúmọ́ mú láyà. Ẹ ò mọ irú ẹ̀rù tó wà nínú kéèyàn máa gbọ́ igbe ẹlòmíràn, kí wọ́n sì ní kó má lọ bá a. Mùínátù kò lè lọ jìnnà. Ó kúnlẹ̀ sí ibi tí dẹ́kìn ò lè wó dé, níbi tó ti lè rí orí Nàfíù láàárín pákó àti èéfọ́ kọnkéré.

"Nàfíù, mo wà níbí."

"Màmá, mi ò rí ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ wà níbẹ̀. Má mira."

"Màmá, a ò tíì sọ ọmọ lórúkọ o."

"O máa sọ ọ́ lórúkọ. Máa bá mi sọ̀rọ̀. Ta ni ọmọ náà jọ?"

Nàfíù ń sọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, ohun tó wà lọ́kàn gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ ni pé ó ti tán.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà Ìlaròó kò ní òpin. Ìgbà tó yá, ọkọ̀ Asiyah dé kí panápaná tó dé. Òun àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn dé akoto, wọ́n wọ bàtà líle. Wọn ò sáré wọlé. Asiyah yí ilé náà ká, ó wò ó. Ó tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà wọlé àti ibi tó máa sá gbà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Òpó irin tí wọ́n ń yí kó gùn tàbí kó kúrú ni wọ́n kó wá. Wọ́n fi gbé dẹ́kìn tó kù dúró, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan Nàfíù. Nígbà tí wọ́n gbé pákó kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fà á jáde, igbe tó ké ni àwọn tó wà níbẹ̀ fi mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti fọ́. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ó ń tiro, kò sì lè gun àkàbà mọ́.

Kòkúmọ́ jókòó sílẹ̀ nínú eruku lọ́jọ́ náà, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n ní ó dára ni," ó ń tún un sọ. "Èmi náà, wọ́n ní ó dára ni."

"Ta ni wọ́n?" Asiyah bi í.

Kò mọ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan lórí ọ̀kadà ló tà á fún un.

Asiyah bu ìyẹ̀fun náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rí i pé kò yàtọ̀ sí ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná.

"Bùrọ̀dá," ó sọ fún Ìdírísù, "irọ́ kọ́ ni pé nǹkan tó ń mú kọnkéré le kíákíá wà. Èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ojúlówó máa ń ní orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò lára. Kò sí èyí tó ń dípò sìmẹ́ǹtì. Bí a bá sì lò ó tán, a kì í fi ojú lásán wò ó ká wá máa yọ igi. A máa ń da díẹ̀ nínú kọnkéré kan náà sínú àpótí irin kékeré, a ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ká lè mọ agbára rẹ̀. Pé ojú kọnkéré gbẹ kò túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ ti le."

Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú àpò, ó rí bí òòlù tí ẹnu rẹ̀ ń fò padà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọnkéré. Ó fi yẹ àwọn òpó ilé náà wò. Díẹ̀ dára, àwọn tí bíríkìlà ọmọ Pobẹ̀ kọ́. Gbogbo èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun náà pò, ì báà jẹ́ òpó, ì báà jẹ́ dẹ́kìn tó kù lókè, ló ní kí wọ́n wó palẹ̀. Wọ́n wó o. Mùínátù dúró, ó ń wò ó, ó sunkún, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n má wó o.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń kọ́lé ní ilẹ̀ Yewa, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí fún yín nìyí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun dára, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá tà fún yín tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú kọnkéré yín, ì báà jẹ́ pé bọ́dà tì, ì báà jẹ́ pé ó ṣí. Kí ẹ tó da dẹ́kìn, ẹ wá ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí, kó dúró tì yín. Òun ni kó sọ ọjọ́ tí igi máa kúrò lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń fẹ̀ lára òpó, ẹ kó jáde, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó fà á.

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, akoto àti bàtà kì í ṣe oge. Ẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ yín jọ láràárọ̀, kí ẹ sọ ewu tó wà nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà fún wọn, kí ẹ sì fetí sí ohun tí àwọn náà bá rí.

Ìwọ òṣìṣẹ́ ńkọ́? O lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ibi tí ẹ̀mí rẹ lè bọ́ sí, ẹni yòówù kí ọ̀gá rẹ jẹ́. Bí ó bá fi iṣẹ́ dẹ́rù bà ọ́, ké sí onílé, ké sí aládùúgbò, ké sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ní "Mi ò wọ ibẹ̀" kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó ń dúró dè é nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀.