A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

"Rahmah, jọ̀ọ́ bá mi bi Màmá, ọmọ mélòó ló ń sùn nínú yàrá yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Lohse ló béèrè bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúró síwájú ògiri tí ọ̀rinrin ti sọ di dúdú, ó ń fi fóònù yà á ní fọ́tò. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Òun ló ń kọ́ Rahmah ní èdè Jámánì nílé ẹ̀kọ́ títí di èṣín, kó tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún mẹ̀kúnnù, tí àwọn ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sì dìbò yàn án sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé tí ẹbí Rahmah ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé Rahmah rí. Olùkọ́ tó ń gba owó oṣù tó jọjú, kí ló ń wá kiri ilé onílé? Àkàrà tí Màmá gbé síwájú rẹ̀ pàápàá, kò fọwọ́ kàn án. Ta ló ń kọ oúnjẹ àgbàlagbà báyẹn? Ojú lásán kọ́.

Ó túmọ̀ ìbéèrè náà fún Màmá, ìyá bàbá rẹ̀. Ojú Màmá le koko.

"Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Àbí ó fẹ́ kà wọ́n kú ni?"

Ẹ̀rù ba Rahmah. Yàtọ̀ sí òun àti Yaqub àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta tí Aunty Folúkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, bí ń bá wọn sùn níbẹ̀ látìgbà tí onílé ti lé ìyá wọn jáde. Káńsù kò mọ̀ wọ́n mọ́ ilé náà. Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́, tí wọ́n bá lé gbogbo wọn?

"Màmá ní èmi àti Yaqub nìkan ni," ló wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọ̀gbẹ́ni Lohse wo àwọn bàtà kéékèèké tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó kọ 'méjì' sínú fóònù rẹ̀. Ohun tó kọ yẹn gan-an ló dá kún ìfura Rahmah.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Nasir, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ìyẹn ní: "Swear down, ìmígíréṣọ̀n ló ń bá ṣiṣẹ́! Why else ló fi ń ka èèyàn?"

Rahmah kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó gbé e sórí wáàsáàpù àwọn ọmọbìnrin mọ́sálásí: Ọ̀gbẹ́ni Lohse ń ka èèyàn fún ìmígíréṣọ̀n. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un o. Kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́ tán, gbogbo ilé ti gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, èémí Yaqub há láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì fi ọkọ̀ pàjáwìrì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ọ̀rinrin yàrá yẹn ló ń bá a jà. Hàlímọ̀tù, ìyá wọn, sáré lọ sí káńsù. Wọ́n ní ilé tí ọmọ pọ̀ sí ni àwọn kọ́kọ́ ń tún ṣe, pé ọmọ méjì péré ni tiwọn, àti pé nítorí àwọn aládùúgbò kò ṣílẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ ti kọjá sí Bermondsey, àdúgbò mìíràn. Rahmah gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Lohse nílé ìkàwé tó ti ń gba àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo parọ́ fún yín. Èmi náà ni mo sọ káàkiri pé ìmígíréṣọ̀n lẹ ń bá ṣiṣẹ́."

"Mo rí àwọn bàtà yẹn," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹnu mi tú àṣírí ilé yín. Mi ò sì jẹ àkàrà Màmá, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo gba rìbá." Ó fa àga kan fún un. "Awakùsà ni bàbá mi ní Bochum, nílẹ̀ Jámánì. Bí àwọn ìjọba bá wá wo ilé wa, ìyá mi á kó wa pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí a ti pọ̀ jù. Inú ọ̀rinrin ilé yẹn ni àbúrò mi obìnrin kú sí. Nígbà tí mo wá ń gbọ́ irú ikọ́ kan náà nínú kíláàsì mi níbí, mi ò lè máa kọ́ni nìkan mọ́."

Omi bọ́ lójú Rahmah. "Àwa kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, sà. Ẹ kàn bi wọ́n pé, 'Àwọn ọmọ ńkọ́?' Wọ́n á fúnra wọn dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wàá bá mi lọ?"

Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Nusaybah, ọ̀rẹ́ Rahmah. Rahmah kan ìlẹ̀kùn.

"Mummy, èmi ni o, Rahmah."

"Mo ti rí ẹ!" ni obìnrin náà dáhùn láti inú ilé. "Ìwọ tí ò ń mú un kiri, ṣé ìwọ náà ti ń bá ìmígíréṣọ̀n ṣiṣẹ́ ni? Yáa kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ó gbọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà gbọin láti inú. Ìtìjú bò ó. Ọ̀rọ̀ tóun fúnra rẹ̀ tàn kálẹ̀ ni wọ́n fi ń lé e.

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè kí ẹ tó tan ọ̀rọ̀ ká. Ẹni tó bá kọ́ àdúgbò láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọlúàbí, kó má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá tì í mọ́ òun náà.