Àtẹ́wọ́ Tí Tomke Pa

"Ọ̀gbẹ́ni Brusius, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dùnkún ń jóná!"

Lothar Brusius ò gbọ́. Ó tẹ́ ìwé orin kálẹ̀ nílé ìdáná, ó ń kùn ohùn kan náà látàárọ̀, ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́. Ópẹ́rà ni iṣẹ́ rẹ̀, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Tomke bínú pa sítóòfù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Láti ìgbà tí Frauke ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkùnrin yìí, tí wọ́n kúrò ní Husum létí òkun wá sí Wendelburg, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sì fi bò fún un: bí ópẹ́rà yìí bá dáa, Wendelburg ni wọ́n máa gbé. Bí ò bá dáa, gbogbo wọn á padà sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Husum. Ni Tomke bá ń gbàdúrà kí eré náà forí ṣánpọ́n.

Nígbà tó ku ọ̀la kí aráàlú wá wò ó, wọ́n ṣe ìdánrawò ìkẹyìn, taṣọ tiná. Ìyá mú Tomke dání. Ariwo lásán ló ń retí. Àmọ́ nígbà tí Walburga, àgbà nínú àwọn olórin, kọ orin ìyá tó ń dágbére fọ́mọ rẹ̀ létí ọkọ̀ ojú omi, Tomke ò mọ ìgbà tó sún síwájú lórí àga kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Àbí kí lèyí?

Orin parí. Aṣọ ìkélé wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn díẹ̀ tó wá wò ó kàn ń kó báàgì wọn. Lothar dá dúró níwájú, ó dorí kodò.

"Ó ti bà jẹ́ nìyẹn," Tomke sọ nínú ara rẹ̀. Ohun tó ń tọrọ ti dé, síbẹ̀ inú rẹ̀ ò dùn. Ojú ń tì í, inú àwọn aláìmoore wọ̀nyẹn sì ń bí i. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe òun. Kó tó mọ̀, ó ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

"Yéè! Ọmọ ta nìyí?" Walburga já síta. Àwọn olórin ń kan pákó gbà-gbà, wọ́n ń tutọ́ gba èjìká òsì kí aburú má bàa dé. "O ti kó bá wa! Ta ní ń pàtẹ́wọ́ níbi ìdánrawò ìkẹyìn? Ẹni bá gbàtẹ́wọ́ lónìí, wàhálà ló máa bá lọ́la!"

"Háà, mo gbàgbé, mi ò sọ fún un!" ni ìyá ń wí. Tomke ti sá jáde tẹkúntẹkún.

Lothar bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Mo rò pé wọn ò fẹ́ orin yín ni," Tomke ní. "Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ń gbàdúrà kó bà jẹ́, ká lè padà sílé. Orí mi ti dàrú."

Lothar jókòó tì í. "Èmi náà ń gbàdúrà. Pé kí màmá àgbà ní kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ojú ń tì mí báyìí. O rò pé mo ti ṣubú, o sì dìde fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí eré parí, àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń hó lé wọn lórí. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n á dúró àbí wọ́n á lọ, Walburga sì ní àfọwọ́fà Tomke ni. Àmọ́ ohun kan ti yé Tomke: èèyàn lè máa bínú sẹ́nì kan, kó sì tún máa fẹ́ ire rẹ̀, ó sì sàn kó sọ tinú rẹ̀ fónítọ̀hún ju kó máa gbàdúrà ibi sí i ní kọ̀rọ̀ lọ.

Lothar jáde wá tẹríba. Obìnrin tó jókòó ti Tomke fọwọ́ ká ẹnu bí fèrè, ó ń hó.

"Ẹ rọra, mà," Tomke ní. "Bàbá mi lẹ ń hó lé lórí yẹn."