Ẹgbàárùn-ún Ó Lé Méje

"Táìlì tó bá fọ́ kì í ṣe táìlì! Gbé e kúrò níwájú mi."

Bí ọmọ ọ̀gá ṣe kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí ìléru. Obìnrin náà ló ń ka gbogbo táìlì tó bá jáde nínú iná. Ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí, ojú rẹ̀ ń dán bí táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Àǹtí, ó kàn sán díẹ̀ ni."

"Ta ni àǹtí ẹ? Òfin bàbá mi ni. Lọ bọ́jú kó o tó wá bá mi jiyàn, eérú ti bo ìpéǹpéjú ẹ."

Ẹnu ya á. Ẹlẹ́nu abẹ yìí náà ni ọkàn rẹ̀ lọ kó sí. Kò pẹ́ kò jìnnà, obìnrin náà ń pè é ní "Eléérú mi", òun náà ń dáhùn ní "Oníṣirò mi".

Ọ̀gá gbọ́. Kò bínú, ẹ̀rín ló rín, ìyẹn gan-an ló já wọn láyà. Ó mú wọn dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, níbi tí òkìtì táìlì wà.

"Ẹgbàárùn-ún ó lé méje ni mo fọwọ́ ara mi kà síbí, 10,007. Tò ó ní ìlà-ìlà, kí gbogbo ìlà dọ́gba, kí ẹyọ kan má ṣẹ́ kù. Ìlà kan ṣoṣo, mi ò gbà. Ẹyọ kan sí ìlà kan, mi ò gbà. Kò sí gbígbé jáde, kò sí mímú wọlé. Tó o bá rí i ṣe, mú ọmọ mi. Tó ò bá rí i ṣe, ibòmíràn ni kó o ti lọ máa dáná."

Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Eléérú bọ́ ẹ̀wù. Ó tò ó ní méjì-méjì, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ó tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù. Méje-méje, mẹ́rin. Ẹ̀yìn ń ro ó, táìlì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oníṣirò tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò nílẹ̀ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti funfun fún ṣọ́ọ̀kì.

"Olólùfẹ́, jókòó. Kò ṣeé pín."

"Mi ò tíì dé ogún."

"Mo ti dé ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni ẹgbàárùn-ún. Tí ìlà bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, táìlì inú ìlà kọ̀ọ̀kan ò ní tó ọgọ́rùn-ún, mo sì ti dán gbogbo ìyẹn wò. Àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀ ló lè pín in."

Eléérú gbé táìlì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn wọn. "Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Oníṣirò wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò lórí ibùsùn ara rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó mú òòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, Bàbá. Táìlì tó bá fọ́ ńkọ́?"

"Kì í ṣe táì..." Ọ̀gá gbé ìyókù mì.

"Tí ọ̀kan bá kúrò, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé mẹ́ta lọ́nà méjì ló kù. Ìlà kan tèmi, ìlà kan ti Eléérú mi."

"Ọmọ mi, rọra."

Ó gbé táìlì kan sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ ọn.