Ṣọ́ọ̀kì Etí Taya

Ọjọ́ tí Haleem kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ eré-ìje rẹ̀ pupa wọ ṣọ́ọ̀bù alaimẹ́ntì kan, níbi tí wọ́n ti ń to taya ọkọ̀, ní Adéníji Adélé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá yín ńkọ́? Ẹ bá mi pè wọ́n."

Taslimah yọrí jáde lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn lẹ ń wò yìí."

Ọkùnrin náà wo okùn tó nà gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí obìnrin náà ń tò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Okùn? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é níbi tí mo ti ń bọ̀."

"Kí kọ̀ǹpútà máa bá yín ṣe é lọ. Kí ló wá gbé yín dé ọ̀dọ̀ olókùn?"

Haleem jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé ọkọ̀ náà sáré ní pápá eré ọkọ̀ tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì gbẹ̀yìn. Taslimah wò ó láti orí dé bàtà, ó yínmú. Ọmọ olówó tó ra ẹṣin láìmọ gàárì í dì!

Síbẹ̀, ó bá a ṣe é. Ó mú kí orí taya iwájú méjèèjì tẹ̀ sínú díẹ̀, bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí.

"Taya mi ti wọ́!" ni Haleem figbe ta.

"Níbi ìdúró ló wọ́. Bí ẹ bá ń fi eré yí kọ́nà, ara ọkọ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbà náà ni taya á tó tẹ ilẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá dúró ṣánṣán níbí, etí rẹ̀ ni yóò máa fi sáré lọ́hùn-ún."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí etí taya kọ̀ọ̀kan. "Ibi tí ìlà yìí bá pa rẹ́ dé ni taya tẹ̀ dé. Taya kì í purọ́."

Nínú eré ìje tó tẹ̀ lé e, Haleem ṣe ipò kejì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó padà wá láìsí ohun tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ẹni tó ń bá Taslimah di igun kejì okùn mú.

"Olókùn mi," ni yóò wí, "má jọ̀wọ́ mi o."

Taslimah fẹ́ràn rẹ̀. Inú tilẹ̀ ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àlhájà Bilqis, ìyá Haleem ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kò fẹ́ ẹ. "Èwo ni obìnrin tó kàwé dé yunifásítì tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀? Gíríìsì ni yóò fi sebẹ̀ fún ọmọ mi ni?"

Bàbá Taslimah ní tirẹ̀ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Ọkùnrin tó bá ń tijú ọwọ́ rẹ, kó má gbà á."

Taslimah pe Haleem. "Mi ò ní fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀. Sọ fún Àlhájà kí a tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

"Mo ti sọ fún wọn, Olókùn mi. Wọ́n ti gbà."

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Haleem lọ sáré ìje. Taslimah ló to taya náà, òun ló fa ṣọ́ọ̀kì sí i. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì ti yà.

"Iyanrìn ojú pápá ló mú ọkọ̀ yọ̀," ni Haleem wí.

Taslimah kúnlẹ̀ ti taya. Etí òde ti jẹ yánnayànna, ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́ tán pátápátá. Apá inú sì ń dán bíi tuntun.

"Ta ló na taya mi ró?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Haleem."

Ó dorí kodò. "Màmá ni. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣẹ̀sín, pé àfẹ́sọ́nà mi ò mọṣẹ́, pé ó wọ́ mi ní taya. Mo kàn gbé e fún ẹlòmíràn nà ró, kí n lè tẹ́ wọn lọ́rùn."

"O mọ̀ pé ó lè pa ọ́?"

"Mo mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, tí o ní wọ́n ti gbà ńkọ́?"

"Wọn ò tíì gbà. Mo rò pé lẹ́yìn ìgbéyàwó nikkah, ìwọ náà á rí i pé…"

Taslimah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó tutù bí omi àmù. Ṣé nítorí èyí ni òun ṣe ń jí wo fóònù láràárọ̀ bóyá Haleem ti pè? Ọkùnrin tó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sábẹ́ ẹnu aládùúgbò, ta ni kò ní tà?

Ó gbé okùn. "Di igun kejì mú."

Haleem dì í mú kíákíá, ó tújú ká, ó rò pé a ti dárí ji òun. Títí wọ́n fi pe ìrun Àṣárì ni Taslimah fi ṣiṣẹ́. Ó to ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì fa ṣọ́ọ̀kì kankan sí wọn.

"Ó ti tọ́ ṣánṣán, bí Àlhájà ṣe fẹ́. Ọ̀nà ilé ni mo tò ó fún. Má gbé e lọ sí pápá mọ́."

"Olókùn mi…"

Omi lé ròrò sójú Taslimah, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

"Jọ̀wọ́ okùn mi."