Òòyà Tí Kò Fa Bébà

"Mi ò rí i, sà, mi ò sì ní kọ ọ́!"

Gbogbo kíláàsì yíjú sẹ́yìn. Àsíátù, ọmọ Yẹ̀kínì ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, ló sọ̀rọ̀ yẹn sí Tíṣà Cornelius lójú kòrókòró. Lọ́dún 1979 yẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀! Tíṣà ti fi òòyà oníke ra irun orí rẹ̀, ó gbé e sórí bébà wẹ́wẹ́. Ìwé sáyẹ́ǹsì ní iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ á ti ara irun tí wọ́n fi òòyà ra gorí òòyà, á jókòó síbẹ̀, á sì fa bébà mọ́ra. Bébà ò mira. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Síbẹ̀, tíṣà ní kí wọ́n kọ ọ́ pé bébà fò.

"Kọ ọ́ jàre," Mọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà."

"Kí n purọ́ nítorí máàkì? Ó tì o!"

"Bọ́ síta, kó o lọ kúnlẹ̀," ni tíṣà wí. "Tó o bá dé lọ́la láìkọ ọ́, o ò kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ́."

Ẹ̀rù ba Àsíátù, nítorí nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Nígbà tó délé, ó rò ó fún bàbá rẹ̀.

"Òòyà yín ń ṣe bí òwú òyìnbó," ni bàbá wí. "Nígbà ọyẹ́, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèmọ́. Tí mo bá ti wọ́n omi sábẹ́ òfì, ara rẹ̀ á balẹ̀. Lásìkò òjò, kì í tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu."

Àsíátù fò dìde. Omi ni olè tó jí iná gbé!

Òjò ò dá lọ́jọ́ kejì. Àsíátù gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú dé kíláàsì.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná."

Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kan títí ó fi gbẹ táútáú, ó gbé òòyà àti bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù kí ooru lè fà wọ́n gbẹ. Ó wá fi aṣọ ra òòyà kíkankíkan. Bébà fò lẹ̀ mọ́ ọn! Ariwo sọ.

Tíṣà wúkọ́. "Ọ̀rinrin ló ń gbé iná náà lọ lánàá," ó jẹ́wọ́. "Ẹ pa irọ́ àná rẹ́. Àsíátù, jókòó. Ṣùgbọ́n o máa ro pápá iléèwé nítorí ẹnu rẹ yẹn."

Ó ro ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí, kò ní mọ ìdí tí kò fi rí i láéláé.

"Mọ́ládé," ó pariwo láti inú koríko, "òtítọ́ dọ́jà lónìí, ó tà!"