Ọjọ́ Tí Ìjókòó Ìgbìmọ̀ Ku Alápatà Nìkan

Tí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹsẹ̀ tó ń gbé mi kiri ayé má gbé mi dé ibi tí mo ń lọ lọ́la. Ó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀mùtí ń pa láti fi rí ẹni bu ọtí fún un. Mo bá àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ, mo bá wọn sùn sábẹ́ òrùlé kan náà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ayé ìgbà náà ni ayé ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń mọ odi yí ara rẹ̀ ká, tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà sídìí odi kí ọ̀tá má baà gùn ún. Ogun ti dó ti ìlú kékeré kan láti ìgbà òjò. Àgbá àwọn ọ̀tá ń dún láàárọ̀, ó ń dún lọ́sàn-án, àwọn èèyàn sì ń fi òkú bàbá wọn dí ibi tí odi bá ti lu. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Òkúta ti tán nílùú.

Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú ń jókòó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn yóò gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá gígùn tó wà lókè ilé ìpamọ́ ọkà, wọn yóò jókòó yí tábìlì ká, wọn yóò máa yanjú ọ̀rọ̀ ìlú bí ẹni pé kò sí ogun. Ọta àgbá ti dá ihò sí òrùlé yàrá náà. Ibi tó bọ́ sí ni orí ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹni tó wà lórí àga ìgbìmọ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi Káfíńtà rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ́kọ́ mú irin ìfági wá láti ilé, ó fá ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára àga fúnra rẹ̀, ó gbá èèpo igi dànù, ó jókòó, ó ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Alága ni àgbà aránṣọ kan, ó wọ ẹ̀wù dúdú gbọọrọ tó ti rán títí tí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ aṣọ àti èyí tó jẹ́ àbùlẹ̀ mọ́. Káfíńtà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì ni Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, opó tó ń mọ ìkòkò. Amọ̀ kì í tán léèékánná rẹ̀, ogun ti pa ọkọ rẹ̀ lórí odi, ọmọ kan ṣoṣo ló sì kù fún un. Ọmọ náà gùn, ó tínrín, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni kẹrin ni Alápatà, ọkùnrin bàǹtà-banta kan tó so awọ mọ́ àyà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ awọ náà títí ó fi le bíi pákó. Àìsàn ìgbà ogun ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pátá.

Alápatà àti Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ire. Omi ẹ̀jẹ̀ ilé ìpẹran ń ṣàn wọ inú kòtò amọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ìjà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìgbìmọ̀," ni Alága wí. "A kú ewu."

"A kú ewu, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ti ẹṣin tó kú sẹ́nu kànga."

"Ó ti kú láti àná," ni Alápatà wí. "Kò lè kú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ gé e, kí àwọn èèyàn rí nǹkan jẹ."

Káfíńtà mi orí. "Ẹṣin ẹlẹ́ṣin ni. Ẹ̀tọ́ ni ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín."

"Ẹni tó ni ín wà lábẹ́ ẹ̀."

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ó ní ẹbí?"

"Ẹ lọ bi kànga," ni Alápatà dáhùn. "Èmi ń sọ̀rọ̀ ẹran, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ àna."

"Tó o bá gé e níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wọ inú omi tí a ń mu," ni Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, kò wo ojú rẹ̀. "Àbí o fẹ́ ṣe fún gbogbo ìlú bó o ṣe ṣe fún mi?"

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ti ní ẹ má bínú. Ṣé kí n wá máa dọ̀bálẹ̀ fún amọ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àgbá fi dún, tí erùpẹ̀ já bọ́ láti òkè sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó dìde. Alága fi ọwọ́ gbá a dànù, ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ ẹṣin lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Oníbodè wọlé, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu odi. Etí rẹ̀ kan ti já dànù, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí èjìká rẹ̀, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà," ló wí, ó ń mí helehele. "Àwọn ọmọ wa tó jáde lọ wó ihò abẹ́ odi ti ń sá bọ̀. Àwọn ọ̀tá wà lẹ́yìn wọn. Ṣé kí n ṣí ilẹ̀kùn ni, àbí kí n má ṣí i?"

Kò sẹ́ni tó lè bá a wí pé ó wá bèèrè. Ẹni tó ṣọ́ bodè ṣáájú rẹ̀ dá ilẹ̀kùn ṣí lọ́jọ́ kan nítorí pé ó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta. Àwọn ọ̀tá ló mú ọ̀rẹ́ náà lọ́rùn. Wọ́n ya wọlé, wọ́n pa odindi àdúgbò kan ní ìpakúpa, arúgbó lórí ibùsùn, ọmọ lórí ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ìgbìmọ̀ nìkan ló ń pàṣẹ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Ìlú náà sì ní òfin méjì tó fi ń yangàn. Èkínní ni pé iṣẹ́ eléwu tí ìgbìmọ̀ bá rán ará ìlú, ilé àwọn ìgbìmọ̀ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ mú èèyàn. Èkejì ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Yóò jáde, yóò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí wọn yóò fi parí rẹ̀. Òfin rere ni méjèèjì. Ìgbà àlàáfíà ni àwọn bàbá wọn ṣe é, nígbà tí ikùn yó, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí méjèèjì yóò forí gbárí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọ̀tá ń gbẹ́ ihò bọ̀ lábẹ́ odi, ìgbìmọ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ wó o. Alága fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀. Alápatà tí kò lẹ́nìkan ní òun fúnra òun yóò lọ, wọ́n ní rárá, ta ni yóò wá máa pa ẹran?

Alága dìde. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹbí rẹ̀, kó dìde."

Káfíńtà dìde. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde.

Alápatà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Wọ́n ń pa wọ́n níta."

"Ìwọ nìkan ni kò kàn," ni Alága wí. "Dá a, kó o sì yára."

"Ẹ jókòó ká jọ dá a."

"Tí mo bá jókòó, ọmọ-ọmọ mi ni mo máa rí, mi ò ní rí ìlú. Dá a, jàre."

Wọ́n jáde. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú, ó wo ọkùnrin tó ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Alápatà ló sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Kò pẹ́ tó fi dá ẹjọ́ náà. Ó ní kí Oníbodè ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára èyí tó tóbi, kí àwọn ọmọ máa wọlé. Bí ọ̀tá bá ti fẹsẹ̀ kan afárá tó wà lórí yàrà, kí wọ́n tì í, ẹni yòówù kó ṣẹ́ kù síta. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó mú àáké rẹ̀, ó bá Oníbodè sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ nílùú náà ló ń dúró tì í.

Nídìí odi, èéfín ẹ̀tù ti bo gbogbo nǹkan. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré, àwọn ọmọ ń já wọlé bí ẹni tí omi ń gbé bọ̀. Àbúrò Káfíńtà wọlé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìfun rẹ̀ mú. Ọmọ-ọmọ Alága wọlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sí mọ́, ó ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn bóyá wọ́n bá òun rí i. Àwọn tó kù ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́yìn Oníbodè, ó ń wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wọlé, kì í ṣe ọmọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n rí i. Ó wà ní òdìkejì afárá, ọ̀kọ̀ ti gún un nítan, ó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀tá fò ó kọjá bí ẹni fo igi tó wó, wọ́n sáré bọ́ sórí afárá.

"Wọ́n ti fẹsẹ̀ kàn án," ni Oníbodè wí.

Gbogbo ojú yí sí Alápatà. Ọmọ tó ń wọ́ nílẹ̀ ló ń wò. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló bá a pàṣẹ náà, ohùn rẹ̀ tutù bí omi ìkòkò.

"Ìwọ lo dá a. Tì í."

"Mo ní kí wọ́n tì í," ni Alápatà wí. "Mi ò sọ pé inú odi ni mo máa wà." Ó sì bẹ́ síta.

Bó ṣe máa ń gé ẹran ló ṣe gé wọn. Ó gé ẹni àkọ́kọ́ níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lára àáké, ó gé èkejì léékún, ó gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá náà tóóró, wọn ò lè pé lé e lórí. Ó ti wọn padà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó fa ọ̀kọ̀ yọ, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Wọ́n ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sọ̀rọ̀ sí i létí, wọ́n ní ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ìbọn dún láti òdìkejì yàrà, orí ọmọ náà fọ́ sára ọrùn Alápatà.

Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn tí Oníbodè kò tíì rí ọkàn láti tì, ó tú awọ àyà rẹ̀, ó fi bo ojú ọmọ náà, ó tì í wọlé lé Oníbodè lọ́wọ́. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ lé e ni àwọn ọ̀tá ki ìtì igi kan bọ ẹnu ilẹ̀kùn kó má baà tì. Ìta nìkan ni èèyàn ti lè gé igi náà. Ó rí bẹ́ẹ̀, Oníbodè náà rí bẹ́ẹ̀. Alápatà kọ ẹ̀yìn sí ìlú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, wọ́n ń gún òun náà níhà bó ṣe ń gé. Igi já. Ó sọ̀rọ̀ kan láìwẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn tì. Àwọn tó wà nínú gbọ́ ìró àáké fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ń ba ẹran, ó ń ba egungun. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀tá kò rí ìlú náà kó lọ́dún náà. Ọdún kejì ni wọ́n kó o, wọ́n sun ún, koríko ń hù lórí rẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó. Nílùú náà, ọ̀rọ̀ kì í parí títí ẹni tó dá a yóò fi wá sọ bó ṣe já sí. Tó bá ti kú, ẹni tó sún mọ́ ọn jù nígbà tó kú ni yóò dìde sọ ohun tó sọ kẹ́yìn, kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò. Oníbodè ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ọta àgbá ti pa òun náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ku ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Alága ní, "Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ lè jáde. A ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò ní fi í sílẹ̀," ló wí.

Ó dìde, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ohun tó wà léèékánná rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe amọ̀ nìkan. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó ní ohun tí Alápatà sọ kẹ́yìn nìyí:

"Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ rí i."